Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lórí ọta alágbára fún ìbọn ìléwọ́ ńlá

Àwọn tó ní ọmọ, àbúrò tàbí ọkọ l'Amẹ́ríkà tí wọ́n ti gba ìwé ọdẹ lọ́hùn-ún pọ̀ nílùú wa níbí. Àwọn yẹn ló máa ń fi fọ́tò páálí ọta ránṣẹ́ sílé lórí WhatsApp, pé ẹ wò ó, èyí ló lágbára jù, àwọn bàbá ọdẹ wa á wá pè mí pé kí n wá bá àwọn ka nọ́mbà tó wà lára ẹ̀. Ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí n'Ilésà, Ifẹ̀ ni mo ti ka physics, torí náà ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára lọ́nà méjèèjì. Mo kó èyí tó máa ń wá jù jọ síbí kó má di pé mò ń fi ohùn ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa rántí bẹ́ ẹ ṣe ń kà á ni pé ẹni tó fẹ́ tajà ló kọ nọ́mbà ara páálí, ohun tí ọta bá ṣe nígbà tó jáde nínú ìbọn ẹni, lọ́wọ́ ẹni, ló yẹ ká fi wọ̀n ọ́n.

Irú ọta wo gan-an là ń sọ̀rọ̀ ẹ̀?

Ọta ìbọn ìléwọ́ ni o, àmọ́ ó ju èyí tí ọlọ́pàá ń so mọ́dìí lọ fíìfíì. Ìbọn tí ilé ọta ẹ̀ ń yí, tí wọ́n ń pè ní revolver, ló máa ń jẹ ẹ́ jù. .357 Magnum tó jáde ní 1935 ló ṣí ọ̀nà. Ọdẹ ará Amẹ́ríkà kan tó tún máa ń kọ̀wé, Elmer Keith, wá ń yọ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn àti ọta, Smith & Wesson (S&W) àti Remington, lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n ṣe èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni .44 Magnum ti jáde láàárín 1955 sí 1956. Dick Casull àti Jack Fullmer náà ń bá .454 Casull tiwọn yí láyé ìgbà yẹn, àmọ́ ó di 1983 kí ilé iṣẹ́ Freedom Arms tó gbé ìbọn tó ń jẹ ẹ́ jáde fún títà. .500 S&W Magnum dé ní 2003, .460 tẹ̀lé e ní 2005. Àwọn tí wọ́n ń bi mí léèrè nípa wọn nìyẹn, àwọn yòókù wà, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn ò yàtọ̀ púpọ̀.

Ṣé mo lè ní irú ìbọn yìí n'Ilésà tàbí n'Ifẹ̀ tí mo bá sáà ti lówó ẹ̀?

Rárá. Firearms Act, òfin ìbọn Nàìjíríà tó ti wà láti 1959, kó gbogbo revolver àti pistol sábẹ́ ìbọn tó jẹ́ èèwọ̀, Ààrẹ orílẹ̀-èdè ló lè fúnni láṣẹ ẹ̀. Ìbọn elẹ́nu méjì tó ń jẹ kátíríìjì ní ìsọ̀rí tiẹ̀ tí wọ́n ń gba ìwé àṣẹ ọlọ́pàá fún, ṣakabùlà náà ní ìsọ̀rí tiẹ̀ àti ìwé tiẹ̀. Torí náà gbogbo ohun tí mo bá sọ nípa .44 tàbí .500 nísàlẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn tó wà níbi tí òfin ti fún wọn láyè ni, tí wọ́n ń yìn ín ní pápá ìyìnbọn tàbí nínú igbó tí wọ́n gba ìwé ọdẹ fún. Àwa tá a wà nílé, ìmọ̀ ẹ̀ la fẹ́, ó sì máa wúlò fún wa gan-an tá a bá dé orí kátíríìjì àti ẹ̀tù.

Ọmọ mi tó wà ní Texas ní òun máa gbé páálí kan dání tí òun bá ń bọ̀ fún Kérésì, kí bàbá ẹ̀ gbé e síbi ojúbọ Ògún. Ṣé ó burú ni?

Ó burú o, mọ̀ọ́mì. Ẹ bá mi pè é lónìí yìí kẹ́ ẹ sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ dán an wò. Òfin tó de ìbọn de ọta náà, kódà kó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí kò ní ìbọn tó máa jẹ ẹ́ nítòsí. Èyí tó tún máa ń kó àwọn ọmọ wa sí wàhálà ni báàgì: wọ́n á gbé báàgì lọ pápá ìyìnbọn, ẹyọ ọta kan á bọ́ sí kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ẹ̀, tó bá di ọjọ́ ìrìn àjò wọ́n á tún kó aṣọ sínú báàgì yẹn kan náà, ẹ̀rọ pápákọ̀ òfuurufú á sì rí i. Kó ní báàgì tó jẹ́ ti ìbọn nìkan, kó má fi rìnrìn àjò láyé. Bàbá á gba fọ́tò, Ògún ò ní bínú.

Kí ni gbogbo nọ́mbà tó wà lára páálí yẹn ń sọ?

Ẹ jẹ́ ká mú páálí .44 Magnum kan. ".44" yẹn yẹ kó jẹ́ bí ọta ṣe fẹ̀ tó ní íǹṣì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi irinṣẹ́ wọ̀n ọ́n, 0.429 lẹ máa bá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni .38 Special àti .357 Magnum, ọta àwọn méjèèjì fẹ̀ bákan náà, 0.357. Ẹ má fi orúkọ díwọ̀n nǹkan kan.

"240 gr" ni ìwúwo orí ọta tó máa fò jáde. Grain ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, 7,000 grain ló wà nínú páùn kan, torí náà 240 grain jẹ́ bíi gíráàmù 15 àti ààbọ̀. Kì í ṣe ìwúwo ẹ̀tù inú ẹ̀ o, mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń jiyàn lórí ẹ̀ ní Sábó, orí ọta ni.

"1,350 fps" ni eré ẹ̀, iye ẹsẹ̀ bàtà tó ń sá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn tó mítà 411, ohùn gan-an ò sá tó bẹ́ẹ̀, bíi mítà 343 ni ohùn ń sá. Òun ló fà á tí ẹran á fi ṣubú kó tó gbọ́ ìró ìbọn tó pa á.

"ft-lb" tó gbẹ̀yìn ni agbára, òun ni wọ́n máa ń tẹ̀ gàdàgbà síwájú páálí. Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sọ ìwúwo ọta di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po méjì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá sọ eré ẹ̀ di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ kí nọ́mbà wọn ga á kàn mú ọta tó fúyẹ́, wọ́n á jẹ́ kó sáré gan-an, nọ́mbà á fò sókè, gbogbo wa á pariwo. Àmọ́ ọta tó fúyẹ́ yẹn ló máa ń dúró sí èjìká ẹran tí kò ní wọlé. Fún èmi o, tí mo bá gbé páálí, ìwúwo àti irú orí ọta ni mo máa ń kọ́kọ́ wá, agbára ló máa ń gbẹ̀yìn.

Kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí wọ́n wà síra wọn ṣá: ọta 9mm ọlọ́pàá, agbára ẹ̀ ò ju bíi 500 joule lọ (joule náà ń wọn agbára bíi ft-lb). .44 Magnum yẹn tó bíi 1,300. .454 Casull lè tó 2,300, .500 S&W lè kọjá 3,000, ìyẹn ju ti AK-47 lọ, láti inú ìbọn tí èèyàn ń fi ọwọ́ lásán dì mú.

Kí ló dé tí eré tó wà lára páálí fi ju èyí tí àbúrò mi rí nígbà tó wọn tiẹ̀?

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á. Àkọ́kọ́, ọ̀pá ìbọn tí ilé iṣẹ́ fi dán an wò lè gùn ju ti ìbọn àbúrò yín lọ dáadáa, ọ̀pá tó gùn sì máa ń fún ẹ̀tù láyè láti jó tán kó sì máa ti ọta lọ. Tẹ́ ẹ bá gé ọ̀pá kúrú, èyí tó kù nínú ẹ̀tù á jó níta, òun lẹ máa rí bí iná rẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ìbọn, owó yín ló ń jó yẹn o. Ìkejì, àyè tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín ilé ọta tó ń yí àti ìdí ọ̀pá lára revolver, afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gba ibẹ̀ sá jáde, kì í sì í dọ́gba lára ìbọn méjì. (Torí àyè yìí náà ni ẹnikẹ́ni ò fi gbọ́dọ̀ gbé ìka sí ẹ̀gbẹ́ ilé ọta tó bá fẹ́ yin revolver ńlá, afẹ́fẹ́ yẹn lè gé ìka.) Ìkẹta, ojú ọjọ́. Ẹ̀tù tó tutù kì í jó bí èyí tó gbóná, ọta tó sáré dáadáa nínú ooru Texas lè lọ́ra ní Alaska nígbà òtútù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn eré ọta?

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní chronograph. Ojú méjì ló ní, wọ́n jìnnà síra díẹ̀, bí ọta bá kọjá lójú àkọ́kọ́ aago á bẹ̀rẹ̀, bó bá kọjá lójú kejì aago á dúró, ẹ̀rọ á wá ṣírò eré ẹ̀ fúnra ẹ̀. Àwọn tuntun kan ń lo radar, wọ́n á kàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn ni.

Èyí tó ga jù kọ́ ni kẹ́ ẹ máa wá o. Ẹ wo bí wọ́n ṣe sún mọ́ra sí. Tí ọta márùn-ún bá jáde láti páálí kan tí gbogbo wọn wà láàárín 1,310 sí 1,330, ẹni tó ṣe ọta yẹn mọ iṣẹ́ ẹ̀. Tí páálí kejì bá jáde ní 1,220, èyí tó tẹ̀lé e 1,390, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ kó bá ojú kan náà ní ọ̀ọ́kán, bó ti wù kí agbára tí wọ́n tẹ̀ sí i pọ̀ tó. Èmi á mú páálí àkọ́kọ́ kódà kí nọ́mbà ẹ̀ kéré. Lẹ́yìn chronograph, bébà ló kù: kó gbé bébà sí yáàdì 25, kó tún gbé e sí 50, kó jókòó, kó gbé ọwọ́ lé nǹkan, kó yìn ín jẹ́jẹ́, kó wo bí ihò ṣe sún mọ́ra. Ibi tí ihò bá ti tú ká kọjá ohun tí ọkàn ẹran fẹ̀ tó, ibẹ̀ ni ìbọn àti ọta yẹn parí sí fún òun, kò gbọ́dọ̀ yìn ín sí ẹran tó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Orí ọta wo ló dáa jù, èyí tó ní ihò lórí àbí èyí tó dì?

Ìbéèrè tó dáa jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyí, ó sì dun mí pé òun ni wọn kì í bi mí tó. Ẹ máa bèèrè irú ẹran kẹ́ ẹ tó bèèrè ọta.

Èyí tó ní ihò lórí, hollow point, tó bá wọ ara tó lómi á fẹ̀ bí olú, á ṣe ihò ńlá, àmọ́ bó ṣe ń fẹ̀ yẹn náà ló ń dá ara ẹ̀ dúró. Soft point, tí òjé yọ lórí ẹ̀ díẹ̀, máa ń fẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Fún ẹran tó dà bí ìgalà wa, deer lọ́dọ̀ wọn, àwọn méjèèjì yìí dáa, tórí awọ ẹ̀ ò nípọn, egungun ẹ̀ ò le púpọ̀, ẹ fẹ́ kí ọta ná agbára ẹ̀ sínú ẹran dípò kó kọjá lọ sínú igbó.

Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹran tó ki, tó wúwo, tó dà bíi túùkú tàbí ìmàdò àgbà, tàbí béárì ńlá Alaska, ọ̀rọ̀ yí padà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lo hard cast, òjé tí wọ́n pò mọ́ áńtímónì àti táńganran kó lè le, tí wọ́n dà, tí orí ẹ̀ pẹrẹsẹ. Kì í fẹ̀. Á wọlé tààrà, á fọ́ egungun, á máa lọ. Orí pẹrẹsẹ yẹn ló ń já ẹran inú, kò dà bí èyí tó ṣe róbótó tí ẹran kàn máa ń pa dé lẹ́yìn ẹ̀. Bàbà lódindi náà wà, òun le, ó máa ń wọlé dáadáa, wọ́n tún ń ṣe irú ẹ̀ tó ń fẹ̀.

Fọ́tò kan wà lórí fóònù mi tí mo máa ń fi han àwọn bàbá. Ọta hard cast ni, wọ́n yọ ọ́ lára ẹlẹ́dẹ̀ igbó ńlá kan lọ́hùn-ún, abẹ́ awọ ẹ̀gbẹ́ kejì ni wọ́n ti bá a, ìyẹn ni pé ó la gbogbo ara ẹran kọjá. Tẹ́ ẹ bá fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, ẹ máa rí ilà tínínrín tó dagun lára ẹ̀, ibi tí inú ọ̀pá ìbọn ti yí i nígbà tó ń jáde, ilà yẹn ṣì dá ṣáká. Orí ẹ̀ tẹ̀ wọnú díẹ̀ níbi kan, níbi tó ti kan egungun èjìká, ó tán. Bàbá kan ní òpópónà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà wò ó títí, wọ́n ní ọta tó kọjá lára egungun tí kò gbàgbé ibi tó ń lọ nìyẹn. Mi ò lè sọ ọ́ dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé èèyàn lè dán bó ṣe ń wọlé wò kó tó lọ sígbó?

Ó lè dán an wò, ní pápá ìyìnbọn tó gbà á láyè ṣá. Àwọn tó ń ṣe é níṣẹ́ máa ń lo gelatin, nǹkan kan tó máa ń dì bí ẹ̀kọ, tí wọ́n pò ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n gbé sínú òtútù tó jẹ́ 4°C kó tó dé ìwọ̀n tó yẹ. Ẹni tí kò rí ìyẹn lè di ìwé ìròyìn àtijọ́ jọ kó rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kó tò ó tẹ̀léra. Ìwé tútù ò dọ́gba pẹ̀lú ẹran, ẹ má wá sọ pé tó bá wọ íǹṣì 20 níbẹ̀ á wọ íǹṣì 20 lára ẹran, àmọ́ tẹ́ ẹ bá yin ọta méjì sí ìdì kan náà lọ́jọ́ kan náà, ẹ máa mọ èyí tó ju èkejì lọ. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹ wọ̀n ọ́n: tí 240 grain bá ku 130, ọta yẹn fọ́ sínú ni, ó fọ́ká, kò sì dáa fún ẹran ńlá.

Ọmọ mi ga, ó sì lágbára. Ṣé kò lè kàn ra .500 tó tóbi jù kó tán síbẹ̀?

Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a dúró ná. Ìbọn kì í mọ ẹni tó ga. Bí ọta bá ṣe ń lọ síwájú ni ìbọn ń bọ̀ sẹ́yìn, òfin Newton nìyẹn, kò sí ẹni tó ń bá a ṣàríyànjiyàn. Tẹ́ ẹ bá fi ìwúwo ọta lọ́nà eré ẹ̀, èyí tí .500 tó ní 400 grain ń tì padà sí ọwọ́ tó ìlọ́po méjì ti .44 Magnum, .44 gan-an sì ti pọ̀ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Torí ẹ̀ ni Smith & Wesson fi kan ìbọn tó tó bíi kílò méjì fún un, tí ọta márùn-ún péré sì wọ ilé ẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó tóbi jù ni pé ara á kọ́ ìbẹ̀rù. Kó tó tẹ tírígà, ojú á ti pa dé, ọwọ́ á ti rọ ìbọn sílẹ̀ díẹ̀, ọta á lọ balẹ̀. Á wá máa sọ pé ọta ò dáa. Ìwà yẹn ṣòro láti gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ lára. Kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọta tí kò le, kó lo .44 Special nínú ìbọn .44 Magnum, òun náà á wọ̀ ọ́, kó yìn ín títí tí ara á fi balẹ̀, kó wá máa gòkè. Ọta tí ọwọ́ lè yìn lẹ́ẹ̀kejì kó tún bá ibi tó fẹ́ ló lágbára lójú tèmi. Ẹran tí wọ́n fi ọta ńlá pa lára, tó sá wọgbó lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni ò rí i, ọ̀ràn ni lójú Ògún àti lójú ọdẹ gidi, n'Ilésà tàbí ní Texas.

Wọ́n ní revolver kì í há. Kí ló wá dé tí ti ẹ̀gbọ́n mi há lẹ́yìn ọta kejì?

Tí ìbọn ẹ̀gbọ́n yín bá fúyẹ́ tí ọta ẹ̀ sì le, mo lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ìbọn bá ti ọwọ́ sẹ́yìn lójijì, àwọn ọta yòókù tó wà nínú ilé, idẹ wọn, ìyẹn ìkarahun tó gba ẹ̀tù àti ìdí orí ọta sínú, á bá ìbọn lọ sẹ́yìn, àmọ́ orí ọta á fẹ́ dúró síbi tó wà. Tí wọn ò bá tẹ ẹnu idẹ mọ́ orí ọta dáadáa, orí ọta á máa yọ síta díẹ̀díẹ̀, títí tó fi máa yọ kọjá ojú ilé ọta, ilé ọta ò wá ní lè yí mọ́. Níwájú béárì, ikú nìyẹn.

Àyẹ̀wò ẹ̀ rọrùn gan-an, gbogbo ẹni tó bá ra ọta tuntun ló yẹ kó ṣe é: kó kó ọta kún ilé, kó fi máàkà sàmì sí ẹyọ kan, kó wọn gígùn ẹ̀, kó yin àwọn yòókù kó fi èyí sílẹ̀, kó yọ ọ́, kó tún wọ̀n ọ́n. Tó bá ti gùn sí i, kó má gbé ọta yẹn lọ sígbó pẹ̀lú ìbọn yẹn.

Kó tún wo idẹ tó ti yìn. Ó yẹ kó yọ wọ́ọ́rọ́. Tó bá jẹ́ pé àfi kó fi nǹkan gbá a jáde, tàbí púráímà, ìyẹn róbótó kékeré tí òòlù ìbọn ń lù nídìí ọta, ti tẹ́ pẹlẹbẹ, prẹ́ṣọ̀ inú ẹ̀ ti pọ̀ jù nìyẹn, kó dúró síbẹ̀. Àjọ SAAMI l'Amẹ́ríkà ló ń fi òdiwọ̀n prẹ́ṣọ̀ tí ọta ò gbọ́dọ̀ kọjá lélẹ̀, psi ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, 36,000 psi ni wọ́n fi sí .44 Magnum, 65,000 ni wọ́n fi sí .454 Casull.

Ṣé ọta kan lè wọ ìbọn mìíràn?

Ó lè wọ̀ ọ́, ibẹ̀ sì ni ewu wà. .44 Special wọ .44 Magnum, .45 Colt wọ .454 Casull, .460 lè jẹ .454 àti .45 Colt. Láti kékeré lọ sí ńlá ni o. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí idẹ Magnum fi bíi 1/8 íǹṣì gùn ju ti Special lọ kó má bàa wọ ìbọn tí kò lè gbà á. Orúkọ tó wà lára ọ̀pá ìbọn ni kó tẹ̀ lé, ẹnikẹ́ni tó bá ní "á sáà wọ̀ ọ́" kó sá fún un.

Tá a bá fi wé kátíríìjì 12 tí àwọn ọdẹ ń lò nílé ńkọ́?

Ẹ wò ó bó ṣe rí. Kátíríìjì 12 tó wọ́pọ̀ máa ń gbé òjé bíi gíráàmù 28 sí 36. Orí ọta .500 tó wúwo, 500 grain, jẹ́ gíráàmù 32. Ìwúwo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba! Àmọ́ ti kátíríìjì pín sára ọ̀pọ̀lọpọ̀ òjé wẹ́wẹ́, ìkọ̀ọ̀kan á gba ọ̀nà tiẹ̀, eré wọn á sì tètè kú. Ó dáa fún ọ̀yà tó ń sáré, ó dáa fún ẹtu tó wà nítòsí, kò dáa fún ohun tó jìnnà. Nọ́mbà tó ń sọ bí òjé ṣe tóbi tó lára kátíríìjì náà (kì í ṣe 12 yẹn), bó bá ṣe ń kéré sí i ni òjé inú ẹ̀ ń tóbi, ọ̀pọ̀ ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣọdẹ ni kò mọ̀.

Ẹ lè fi ìlànà kan náà dán kátíríìjì wò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìwé àṣẹ. Ẹ gbé páálí ńlá kan sí ibi tí ẹ sábà máa ń yìnbọn dé, ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ka iye ihò tó wà láàárín ibi tó fẹ̀ tó àyà ẹran. Ẹ fi oríṣi mìíràn dán an wò sára páálí tuntun. Ẹ máa rí i pé ìbọn yín fẹ́ràn ọ̀kan ju èkejì lọ, ó sì lè jẹ́ pé èyí tó wọ́n jù kọ́ ló fẹ́ràn.

Bàbá mi ń lo ṣakabùlà. Ṣé tí wọ́n bá fi kún ẹ̀tù, kò ní lágbára sí i?

Àbúrò mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é o. Ọ̀pá ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ, kò sí ẹni tó wọn prẹ́ṣọ̀ tó lè gbà, kò sí òdiwọ̀n kankan lára ẹ̀ bí ti àwọn ìbọn tí mò ń sọ. Bí ẹ̀tù bá ti kọjá ohun tó lè gbà, ó máa bẹ́ mọ́ èèyàn lójú àti lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ abúlé láyìíká wa níbí ló ní bàbá kan tí ìka ẹ̀ ò pé torí ẹ̀.

Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni kí wọ́n tú kátíríìjì kí wọ́n da ẹ̀tù inú ẹ̀ sí ṣakabùlà. Ẹ̀tù dúdú tí ṣakabùlà ń lò àti ẹ̀tù tí kò ní èéfín tó wà nínú kátíríìjì kì í ṣe ohun kan náà rárá. Ìwọ̀n kan náà ti ẹ̀tù kátíríìjì lè gbé prẹ́ṣọ̀ dé ibi tí ọ̀pá yẹn máa fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run.

Etí ńkọ́?

Ìró tó bá ti dé 140 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì lè ba etí jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìbọn ìléwọ́ ńlá sì máa ń kọjá 150 dáadáa. Etí tó bá ti lọ kì í padà. Kó dí etí lẹ́ẹ̀mejì, kó fi èyí kékeré sínú ihò etí, kó tún dé èyí ńlá lé e, kó wọ awò. Àwọn ọdẹ wa tó máa ń yìnbọn nígbà Ìwúdè Ògún náà, ẹ wá òwú tàbí nǹkan ìdíhò-etí gidi fún wọn, ìdajì àwọn bàbá tí mò ń kí láàárọ̀ ni mo ní láti pariwo sí.

Ṣé òjé ò léwu fún ẹni tó bá jẹ ẹran?

Ó léwu. Òjé tó fọ́ máa ń tú wẹ́wẹ́ sínú ẹran, ó máa ń jìnnà sí ojú ihò ju bí ojú ṣe rí i lọ, májèlé sì ni òjé, pàápàá fún ọmọdé àti aláboyún. Àwa náà mọ òjé kátíríìjì tó máa ń bá eyín nínú ọbẹ̀ ọ̀yà. Kí wọ́n gé ẹran tó yí ojú ọta ká dà nù dáadáa. Ní California, láti oṣù Keje 2019, ọdẹ ò gbọ́dọ̀ lo ọta òjé mọ́ rárá, ẹyẹ igún ńlá wọn tó ń jẹ òkú ẹran ló ń kú torí ẹ̀, torí náà bàbà ni àwọn tó wà lọ́hùn-ún ń lò. Ẹni tó bá ń gbé ìpínlẹ̀ mìíràn, kó yẹ òfin ibẹ̀ wò kó tó ra ohunkóhun.

Àwọn ọta àkànṣe yìí wọ́n. Ṣé wọ́n tó owó tí wọ́n ń gbà?

Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Owó ọta tó ní orí tó dáa, tí eré ẹ̀ dọ́gba, tí ẹnu idẹ ẹ̀ dì mú orí ọta, tọ́ sí i. Àmọ́ ẹni tó bá náwó lórí orúkọ tó dún àti fọ́tò béárì tó ń bú níwájú páálí, tí kò wá ku owó tó máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín, ó ṣòfò. Kó ra páálí kan ṣoṣo ná, kó ṣe gbogbo àyẹ̀wò tí mo kọ sókè yìí. Tó bá yege, kó ra èyí tó máa lò lọ́dún yẹn láti ìdìpọ̀ kan náà, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nílé iṣẹ́, nọ́mbà ìdìpọ̀ máa ń wà lára páálí, torí ìdìpọ̀ mìíràn lè má sáré bákan náà. Kó wá ra ọta pọ́ọ́kú tí ìwúwo ẹ̀ sún mọ́ ti èyí fún ìdánrawò. Tí kò bá yege, kó kọ sínú ìwé ohun tó rí, kó gbìyànjú òmíràn.

Níbo ló yẹ kí wọ́n tọ́jú ọta sí?

Ibi tó tutù, tó gbẹ, tó ní kọ́kọ́rọ́, tó yàtọ̀ sí ibi tí ìbọn wà. Kì í ṣe inú bùtù mọ́tò tí oòrùn ń pa. Kó fi sílẹ̀ nínú páálí tiẹ̀ kí nọ́mbà ìdìpọ̀ má bàa sọnù, ẹyọ tó bá ti dípẹtà tàbí tí idẹ ẹ̀ tẹ̀ wọnú, kó má yìn ín, kó fà á lé àwọn alábòójútó pápá ìyìnbọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń to kátíríìjì sórí àjà nílé ìdáná tí èéfín àti ọ̀rinrin ń bá fínra, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí.